Ohun tí Hegel àti Kant kọ nípa Áfíríkà: kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa fi dá wọn lóhùn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìrọ̀lẹ́ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ìmòye, ìyẹn ohun tí à ń pè ní filọ́sọ́fì, ni mo ń kọ́ ní yunifásítì kan. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni mo ń lọ nítorí pé mo ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, olùkọ́ wa ní kí a lọ ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Hegel, amòye ọmọ ilẹ̀ Jámánì, lórí ìmòye ìtàn àgbáyé. Mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé èdè ọkùnrin náà le, mo sì ti gbára dì fún èyí, ṣùgbọ́n n kò gbára dì fún ohun tí mo bá pàdé nígbà tí ó kan Áfíríkà. Ó ní ilẹ̀ tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà kò sí nínú ìtàn ayé, pé kò ní ìṣísẹ̀ tàbí ìdàgbàsókè kankan láti fi hàn. Ó yọ Íjíbítì sọ́tọ̀, ó fa etí òkun àríwá mọ́ Yúróòpù, ó sì fi àwa tí ó kù sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tí ó sọ tán, ó ní ibẹ̀ ni òun yóò ti fi Áfíríkà sílẹ̀, òun kò sì ní dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ojú ìwé náà nínú bọ́ọ̀sì kí n tó délé. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní kíláàsì, ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n má bínú, pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ronú láyé ìgbà náà nìyẹn. Ẹlòmíràn ní ńṣe ni ó yẹ kí a kó ìwé gbogbo wọn dànù. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ ojú ìwé mẹ́wàá lé e lórí, kí n sì mú un wá ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó ronú yàtọ̀ ní Yúróòpù nígbà náà? Níbo ni ọkùnrin tí kò fẹsẹ̀ tẹ Áfíríkà rí ti rí ohun tí ó kọ? Àti pé, kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa fi dá òun àti Kant, amòye Jámánì mìíràn, lóhùn? Mo gbọ́ pé àwọn náà ń bá ara wọn jiyàn gidigidi lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí àríyànjiyàn náà dá lé.

Tíṣà Àgbà dáhùn:

Ọmọ mi, o káre. Ìbéèrè rẹ kejì ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà kọjá.

Kọ́kọ́ fi sọ́kàn pé Hegel kò fúnra rẹ̀ tẹ ìwé yẹn jáde. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Berlin láti 1822 títí di 1831 tí ó kú ni. Ní 1837 ni Eduard Gans kó àkọsílẹ̀ Hegel fúnra rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ bí ó ti ń sọ̀rọ̀, tí ó sì sọ ọ́ di ìwé. Lẹ́yìn náà ni Karl, ọmọ Hegel, tún un ṣe, òun sì ni Sibree túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1857. N kò sọ èyí láti gbè é lẹ́yìn. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà dìde ní kíláàsì kí ó fi já ọ láyà.

Ní báyìí, ṣí ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa Dàhòmì. Hegel ní bí inú àwọn ará ibẹ̀ kò bá dùn sí ọba wọn, wọn a fi ẹyin odídẹ ránṣẹ́ sí i. Nígbà mìíràn wọn a rán ìránṣẹ́ sí i pé iṣẹ́ ìjọba ti ní láti sú u, pé ó yẹ kí ó sinmi díẹ̀. Ọba a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a wọ ìyẹ̀wù lọ, a sì ní kí àwọn obìnrin rẹ̀ fún òun lọ́rùn pa. Ohun tí Hegel fẹ́ fi ìtàn yìí fi hàn ni pé kò sí òfin láàárín wa, pé ipá nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, àti pé ẹ̀mí ènìyàn kò jẹ́ nǹkan kan lójú wa.

Ìwọ ọmọ Yorùbá, ẹyin odídẹ yìí kò ha rán ọ létí nǹkan kan bí? Ọ̀yọ́ ni. Ní 1793, Archibald Dalzel tẹ ìwé ìtàn Dàhòmì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣòwò ẹrú ni Dalzel, ó sì ti ṣe olórí ilé odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ouidah. Inú ìwé rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà bí ó ti rí gẹ́lẹ́: ẹyin odídẹ, àárẹ̀ ìjọba, oorun díẹ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó pè ní Eyeo ni Dalzel sọ ọ́ mọ́, Eyeo sì ni Ọ̀yọ́. Dàhòmì ni ó fi Ọ̀yọ́ wé, ó ní ọba Eyeo lágbára bí ọba Dàhòmì, àfi pé òfin ìlú kan wà tí ó dè é. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Berlin, Ọ̀yọ́ ti jábọ́ lọ́nà, òfin tí ó de ọba náà sì ti jábọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Dalzel kò dúró níbẹ̀. Ó ní ní 1774 àwọn ìjòyè gbé ẹyin odídẹ náà tọ ọba Ọ̀yọ́ lọ, ọba sì kọ̀ ọ́, ó ní oorun kò tíì kun òun, pé òun fẹ́ máa ṣọ́nà fún àǹfààní àwọn ènìyàn òun. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìtàn Aláàfin Abíọ́dún àti Baṣọ̀run Gáà yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé rẹ̀ láti inú ilé wá: Baṣọ̀run, tí í ṣe olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, ni ó máa ń kéde fún Aláàfin pé òrìṣà kọ̀ ọ́, ará ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ kọ̀ ọ́. Igbá òfìfo tí a dé lómorí tàbí àwo ẹyin odídẹ ni àmì rẹ̀.

N kò ní parọ́ fún ọ pé àṣà náà rọrùn. Gáà lò ó nílòkulò, ó sì rán ọba tó pọ̀ lọ sí ọ̀run kí ọwọ́ Abíọ́dún tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí ìgbìmọ̀ ti lè sọ fún ọba pé ó tó gẹ́ẹ́, tí ọba sì mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́ nítòótọ́, kì í ṣe ìlú tí kò lófin. Ní ilẹ̀ Prussia tí Hegel ti ń kọ́ni, ọba ibẹ̀ ṣèlérí òfin ìpìlẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1815, kò sì fún wọn títí ó fi kú ní 1840. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹyin ẹyẹ kankan ránṣẹ́ sí i.

Tí o bá fẹ́ ìwé tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́, wá àpilẹ̀kọ tí Robert Bernasconi ṣe ní 1998 lórí Hegel àti ààfin Àṣáńtì. Ó mú ìwé àwọn arìnrìn-àjò tí Hegel kà, ó tò wọ́n ti ohun tí Hegel kọ, ó sì fi hàn pé ńṣe ni Hegel ń fi iyọ̀ kún ọbẹ̀ tí ó ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Olúfẹ́mi Táíwò, ọmọ Yorùbá tí ó ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, kọ tirẹ̀ lórí bí òjìji Hegel ṣe ṣì ń rìn kiri nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmòye títí di òní. Bí o bá rò pé àsọdùn ni èyí, rántí pé ní oṣù keje ọdún 2007, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Nicolas Sarkozy, dúró ní Yunifásítì Cheikh Anta Diop ní Dakar, ó sì sọ fún àwọn ọmọ Áfíríkà lójú ara wọn pé ọmọ Áfíríkà kò tíì wọ inú ìtàn dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìrọ̀lẹ́:

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ẹyin odídẹ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì rí Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìtàn Gáà.

Ìyá Ilé-Ìkàwé dáhùn:

Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ sọ, pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ronú nìyẹn, ni èmi fẹ́ dá lóhùn, nítorí pé ogójì ọdún ni mo fi to ìwé sórí pẹpẹ, mo sì mọ̀ pé àwọn ìwé fúnra wọn ta ko ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Hume, amòye ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláńdì. Ní 1748 ó tẹ àròkọ kan jáde lórí ìwà àwọn orílẹ̀-èdè. Ní 1753 ó fi àlàyé kan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ó ní òun fura pé àdánidá ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú rẹlẹ̀ sí àwọn funfun. Ó ti gbọ́ pé aláwọ̀ dúdú kan wà ní Jàmáíkà tí wọ́n ń yìn fún ìwé mímọ̀. Kò wá ohun tí ọkùnrin náà kọ rí kí ó kà á. Ó kàn ní bóyá bí a ti ń yin odídẹ tí ó lè pe ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ni wọ́n ṣe ń yìn ín. Francis Williams ni ọkùnrin náà, ó ń fi èdè Látìnì kéwì, ewì tí ó kọ kí gómìnà tuntun ní 1759 sì wà lórí ìwé títí di òní. Edward Long, tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1774. Odídẹ tún dé, ẹ ṣàkíyèsí. Nínú gbogbo ẹyẹ tí ó wà láyé, èyí tí àwa ń pè ní ayékòótọ́ ni Hume mú láti fi bú u.

Ṣé wọ́n dá Hume lóhùn nígbà ayé rẹ̀? Wọ́n dá a lóhùn. Ní 1770, James Beattie, olùkọ́ ìmòye ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Skọ́tíláńdì kan náà, kọ̀wé pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ gbogbo aláwọ̀ dúdú tí ó wà láyé. Ó ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ará Bìrìtéènì àti ti Faransé kò lajú ju àwọn tí wọ́n ń bú lọ, àti pé ẹrú tí wọn kò jẹ́ kí ó kàwé, tí kò lè ṣe ohunkóhun àfi ohun tí olówó rẹ̀ bá pa láṣẹ, kò lè di gbajúmọ̀ ọ̀mọ̀wé. Hume rí èsì, ó sì tún àlàyé náà kọ kí ó tó kú. Nínú ẹ̀dà 1777 ó yọ àwọn ẹ̀yà ènìyàn yòókù kúrò lábẹ́ èébú náà, ó sì fi aláwọ̀ dúdú nìkan sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó jókòó tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe báyìí kò lè sọ pé afẹ́fẹ́ ayé ìgbà náà ni ó gbé òun lọ.

Anton Wilhelm Amo wà pẹ̀lú. Ní nǹkan bí 1703 ni wọ́n bí i ní agbègbè Axim, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n mú un lọ sí Jámánì ní kékeré, ó dàgbà lábẹ́ ọmọ-aládé Wolfenbüttel, ó lọ sí yunifásítì ní Halle. Ní 1729 ó jiyàn níbẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Yúróòpù, ó dùn mí pé iṣẹ́ náà ti sọnù. Ní 1734 ó fi èdè Látìnì kọ ìwé àpilẹ̀kọ ní Wittenberg, níbi tí ó ti jiyàn pé ara ni ó máa ń ní ìmọ̀lára, kì í ṣe ọkàn, tí ó sì fi bá Descartes, amòye ọmọ ilẹ̀ Faransé, jà. Ó kọ́ni ní Halle àti ní Jena, ó tẹ ìwé mìíràn jáde ní 1738, lẹ́yìn náà ni ó padà sí ilé ní nǹkan bí 1747. Ọ̀gá Yunifásítì Wittenberg fi ìwé yìn ín ní gbangba, ó sì rán àwọn tí ó ń kà á létí pé Áfíríkà náà ni ó bí Augustine, gbajúmọ̀ amòye ìjọ Kristẹni àtijọ́. Jámánì tí Amo ti kọ́ni yìí ni Kant àti Hegel ti kọ ohun tí wọ́n kọ. Jena gan-an ni Hegel ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì.

Ti Kant ni ó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, bí ẹ̀rín bá tọ́ sí i. Ní 1764 ó tún ìtàn kan sọ tí ó kà nínú ìwé àlùfáà Labat: Labat bá kafíńtà aláwọ̀ dúdú kan wí pé ó ń ṣe agídí sí àwọn ìyàwó rẹ̀. Kafíńtà náà dá a lóhùn pé ẹ̀yin funfun ni òmùgọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ń gba àwọn ìyàwó yín láyè, tí wọ́n bá wá dà yín lórí rú, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Kant ní ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò. Ó wá ní, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí dúdú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀rí tí ó dájú sì nìyẹn pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni ó sọ. N kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ kafíńtà náà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ wo bí ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá nínú ìrònú ṣe ronú níbẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ní 1795, nínú ìwé rẹ̀ lórí àlàáfíà, Kant bá àwọn ará Yúróòpù wí pé bí wọ́n bá lọ kí ìlú onílùú, ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́gun rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìkíni. Àwọn kan sọ pé ó ti yí èrò rẹ̀ padà nígbà náà. Emmanuel Chukwudi Eze, ọmọ Nàìjíríà tí ó kú ní 2007, kò gbà pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan ní 1997 kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà ní òun kò rí wọn. Tirẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wá.

Ọmọ Àjàṣẹ́ dáhùn:

Mo kí ẹ̀yin àgbà láti Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìbéèrè kẹta ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn, nítorí pé ará ilé wa ni ó dá ìjà náà sílẹ̀.

Ní 1945, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m kan tí ó ń jẹ́ Placide Tempels, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Kóńgò, kọ ìwé pé àwọn Bantu ní ìmòye tiwọn, pé gbogbo rẹ̀ sì dá lórí agbára tí ń bẹ nínú ohun gbogbo. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí i. Alexis Kagame, àlùfáà ọmọ Rùwáńdà, tún un ṣe ní 1956 pẹ̀lú èdè abínibí rẹ̀, ó sì ṣe é jinlẹ̀ ju Tempels lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ka Tempels. Ó ní a kò lè retí pé kí àwọn Bantu fúnra wọn to ìmòye wọn lẹ́sẹẹsẹ, àwa ni a ó bá wọn sọ ọ́, wọn yóò sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Aimé Césaire, akéwì aláwọ̀ dúdú láti Martinique, rí ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ ní 1950: wọ́n ń gba ilẹ̀ àti owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n wá ń yin agbára inú rẹ̀.

Paulin Hountondji, amòye ará Benin tí mo ní ó dá ìjà náà sílẹ̀, tí wọ́n bí ní 1942, tí ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 2024, mú un lọ síwájú sí i nínú ìwé rẹ̀ ti 1976. Ó ní àṣìṣe Tempels àti ti àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó tẹ̀ lé e ni pé wọ́n mú àṣà àti ìgbàgbọ́ odidi ìlú kan, wọ́n ní ìmòye ni, bí ẹni pé gbogbo ará ìlú náà ní ohùn kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni kì í jiyàn. Ìmòye, lójú tirẹ̀, ni ohun tí ẹnì kan tí ó lórúkọ sọ, tí ó kọ sílẹ̀, tí ẹlòmíràn sì lè dìde ta kò. Àwọn tí wọ́n rò pé àwọn ń gbèjà wa ń tún ọ̀rọ̀ Lévy-Bruhl, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ láìmọ̀. Láti 1910 ni ẹni yẹn ti ń sọ pé àwọn tí ó pè ní ènìyàn àtijọ́ kì í ronú bí àwọn yòókù. Lévy-Bruhl fúnra rẹ̀ kọ èrò náà sílẹ̀ kí ó tó kú ní 1939, ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1949.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ní ìpàdé ẹbí nílé bàbá mi lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yóò gbè Hountondji lẹ́yìn. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí àwọn obìnrin gbé oúnjẹ alẹ́ wá, bàbá mi àgbà méjèèjì kò fẹnu kò lórí ibi tí ààlà wà, òwe ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn jà. Bí òyìnbó kan bá wá kọ ọ́ pé "àwọn ará Àjàṣẹ́ gbà pé" báyìí báyìí, èwo nínú wọn ni ó bá sọ̀rọ̀?

Ọmọ Awo dáhùn:

Ọmọ Àjàṣẹ́, mo bá ẹ lọ dé ìdajì ọ̀nà. Babaláwo ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, mo máa ń gbé omi fún àwọn awo nígbà ìpàdé wọn, mo sì máa ń rí bí ẹnì kan yóò ṣe máa ki ẹsẹ Ifá, bí ó bá ṣì í kí, àwọn yòókù yóò dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Mo rí ìgbà kan tí wọ́n dá ọkùnrin àgbàlagbà kan dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó bínú jókòó, kò sì tún la ẹnu títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí náà, n kò mọ ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ ohùn kan tí Hountondji ń bá àwọn yẹn jà lé lórí. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ní àfi ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Sophie Olúwọlé, tí wọ́n bí ní 1935, tí ó sì kú ní 2018, ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmòye ní yunifásítì kan ní Nàìjíríà, láti Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ó fi Socrates, amòye Gíríìkì àtijọ́, wé Ọ̀rúnmìlà nínú odidi ìwé kan, ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rọrùn: Socrates kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ láyé rẹ̀. Ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti gbọ́ ohun tí ó sọ. Bí àìkọsílẹ̀ bá lè lé Ọ̀rúnmìlà jáde, yóò lé Socrates jáde pẹ̀lú. Àti pé àwọn tí ó ní "ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míìn" kì í ṣe àwọn tí ó gbà pé àṣà kì í yí padà.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìrọ̀lẹ́ kà jù ni iṣẹ́ tí Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen ṣe. Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n wà, níbi tí Ṣódípọ̀ ti dá ìwé àtìgbàdégbà fún ìmòye Áfíríkà sílẹ̀ ní 1972. Wọ́n lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "mọ̀" àti "gbàgbọ́". Wọn kò bi wọ́n pé kí ni Yorùbá gbà gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n bi wọ́n. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní 1986. Ohun tí àwọn àgbà náà sọ ni pé ohun tí o fi ojú ara rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, ni o mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún ọ, tí o gbà, tí o sì gbọ́, ìgbàgbọ́ ni, ìbáà jẹ́ ẹni tí o gbẹ́kẹ̀lé jù láyé ni ó sọ ọ́. Ìgbàgbọ́ lè di ìmọ̀, bí o bá lọ wò ó fúnra rẹ. Bí kò bá ṣeé lọ wò, ẹ jókòó kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ bi ẹni tí ó sọ ọ́ léèrè ibi tí ó ti gbọ́ ọ.

Ẹ wá gbé Hegel síwájú àwọn oníṣègùn yìí. Kò dé Áfíríkà rí. Dalzel tàbí ẹnì kan tí ó gbọ́ ti Dalzel ni ó sọ fún un, Dalzel fúnra rẹ̀ kò dé Ọ̀yọ́, etí òkun ni ó wà, àwọn oníṣòwò ni ó sì sọ fún òun náà. Ìgbàgbọ́ lórí ìgbàgbọ́ lórí ìgbàgbọ́. Kant kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé fún nǹkan bí ogójì ọdún láìkúrò ní agbègbè Königsberg. Àwọn tí wọ́n ní a kò mọ bí a ṣe ń ronú ń pe ìgbàgbọ́ ní ìmọ̀, àgbàlagbà tí kò ka ìwé kankan rí sì lè sọ ibi tí àṣìṣe náà wà.

Ọmọ Àjàṣẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, mo gba èyí tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ṣódípọ̀ àti Hallen ṣe: wọ́n béèrè, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè bá wọn jiyàn. Ohun tí Hountondji ń fẹ́ nìyẹn. Henry Odera Oruka náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kẹ́ńyà. Ó fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò, ó kọ orúkọ olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ èrò rẹ̀, ó sì ya ẹni tí ó kàn ń tún ọ̀rọ̀ àwọn baba sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ń bi í léèrè. Hountondji fúnra rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ nígbà tí ó yá, ìwé tí ó darí ní 1994 lórí ìmọ̀ ìbílẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé Kwasi Wiredu, ọmọ Gánà, tí ó kú ní 2022. Ó ní kò tọ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àgbà abúlé ní Áfíríkà wé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Yúróòpù, àgbà abúlé Yúróòpù ni kí a fi wé e. Ó tún ní kí olúkúlùkù gbìyànjú láti ro ọ̀rọ̀ àwọn amòye yìí ní èdè abínibí rẹ̀, kí ó wò bóyá yóò dúró. Gbólóhùn Descartes, "mo ń ronú, nítorí náà mo wà", kò dúró dáadáa ní èdè Akan, nítorí pé ohun tí ó bá "wà" níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Nínú Yorùbá tiwa a lè sọ pé Ọlọ́run wà láìsọ ibi tí ó wà. Nítorí náà ó dà bíi pé ẹsẹ̀ Descartes rinlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ju ọ̀dọ̀ wọn lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ẹnì kan jókòó tì nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìrọ̀lẹ́:

Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo yín. Mo rí ìwé Dalzel lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ àná. Mo fi ojú ìwé rẹ̀ sí apá òsì, mo fi ti Hegel sí apá ọ̀tún, mo sì ń fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n bára mu. Ìlà náà pọ̀. Ohun tí n ó kọ nìyẹn: ẹyin odídẹ láti Ọ̀yọ́ dé Berlin, lẹ́yìn náà ìdájọ́ àwọn oníṣègùn lórí ìrìn-àjò rẹ̀.

Ìṣòro kan ni ó kù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ wa fẹ́. Mo ti gbìyànjú láti túmọ̀ "ìgbàgbọ́" lẹ́ẹ̀mẹrin, gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo bá mú ni ó ń fa ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, tí gbígbà àti gbígbọ́ sì ń bọ́ sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Tíṣà Àgbà:

Má túmọ̀ rẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o fi àmì ohùn sí i pátá, kí o sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ojú ìwé kìíní. Àwọn ọ̀rọ̀ Jámánì tí Hegel lò ṣì wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ti rí.